Igi Píà Tí Wọ́n Pè Ní Akọ

Ọ̀pọ̀ ohun ọ̀gbìn ló wà tí kì í dá ènìyàn dúró pẹ́. Àgbàdo tí a gbìn nígbà àkọ́rọ̀ òjò, a ó ti sè é jẹ kí oṣù mẹ́rin tó pé. Ìbẹ́pẹ lè so láàárín ọdún kan, ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í sì í pẹ́ ju ọdún kan àti oṣù díẹ̀ lọ. Igi píà kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fi kóró gbin píà ní ọdún tí wọ́n bí ọmọ rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ọmọ náà ti mọ̀wé kà dáadáa kí igi náà tó fi èso kan ṣoṣo hàn án. Ọdún márùn-ún ni èyí tó bá yá, ọdún méje tàbí mẹ́jọ kò ṣàjèjì, àwọn mìíràn a sì máa lo ọdún mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní gbogbo àkókò yìí, igi náà yóò máa ga, ewé rẹ̀ yóò máa pọ̀, yóò máa ṣíji bo ilẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní so. Ọ̀nà tí a fi ń tọ́jú irú igi bẹ́ẹ̀ títí ọjọ́ rẹ̀ yóò fi pé ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ lọ́sẹ̀ yìí, àti ohun tí àwa ènìyàn máa ń sọ sí i nígbà tí ojú wa kò bá lè dúró mọ́.

Kí a kọ́kọ́ mọ èyí tí à ń sọ. Píà tí àwa Yorùbá mọ̀ ni èyí tí òyìnbó ń pè ní avocado, tó ní kóró ńlá kan nínú, tí ara rẹ̀ rọ̀ bí òrí, tí a fi ń jẹ búrẹ́dì. Kì í ṣe ube tí àwọn ìyá Ìgbò máa ń yan ti àgbàdo, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ń pe òun náà ní píà lọ́jà. Kì í sì í ṣe píà ilẹ̀ òtútù, ìbátan ápù, tí kì í yọ òdòdó dáadáa bí kò bá rí òtútù gidi lọ́dọọdún. Mẹ́síkò àti àwọn ilẹ̀ àárín gbùngbùn Amẹ́ríkà ni píà tiwa ti ṣẹ̀ wá. Orúkọ tí àwọn ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀ ń pè é ni àwọn ará Sípéènì yí padà sí aguacate, tí àwọn Potogí sì yí sí abacate. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi í wé píà ilẹ̀ wọn nítorí ìrísí rẹ̀, ìyẹn ni àwa náà gbà tí a fi ń pè é ní píà. Àwọn ará Bràsílì a máa fi ṣúgà àti wàrà jẹ ẹ́; iyọ̀ díẹ̀ àti búrẹ́dì gbígbóná ló tẹ́ àwa lọ́rùn.

Èyí tí mo mọ ìtàn rẹ̀ jù lọ wà ní Ológunẹ́rù, ní Ìbàdàn, lẹ́yìn ilé àbúrò ìyá mi obìnrin, tí mo ń pè ní Àǹtí. Ọdún 2014 ni mo lọ gbé lọ́dọ̀ àwọn àti ọkọ wọn, Bọ̀dá, nígbà tí mo wọ yunifásítì láti kọ́ ẹ̀kọ́ èdè Yorùbá. Ọdún kẹta ìgbéyàwó wọn nìyẹn. Ní oṣù Keje ọdún náà, Bọ̀dá ra píà mẹ́ta bọ̀ láti Bódìjà. A fi jẹ búrẹ́dì lálẹ́ ọjọ́ náà, Àǹtí sì ṣa kóró tó tóbi jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n fọ̀ ọ́ mọ́, wọn kò sì jẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì ṣú kí wọ́n tó gbìn ín. Ohun tó tọ́ ni wọ́n ṣe. Kóró píà kì í fẹ́ gbígbẹ. Bí ó bá pẹ́ níta, kò ní lè hù mọ́.

Inú náílọ́ọ̀nù dúdú ni wọ́n gbìn ín sí. Wọ́n po ilẹ̀ dúdú mọ́ yanrìn díẹ̀, wọ́n lu ihò sí ìsàlẹ̀ náílọ́ọ̀nù náà kí omi lè máa jò, wọ́n sì gbé kóró náà lé e, ìdí rẹ̀ tó tẹ́ sílẹ̀, orí rẹ̀ tó ṣóńṣó sókè. Wọn kò bò ó mọ́lẹ̀ tán. Orí náà yọ díẹ̀. Wọ́n gbé e sí abẹ́ ìbòòji lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná, wọ́n sì ń bu omi díẹ̀ sí i lójoojúmọ́. Ó lé ní oṣù kan kí kóró náà tó là sí méjì, kí ọ̀mùnú rẹ̀ tó yọ láàárín, pupa fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, bí ìka ọmọ tuntun.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2015, nígbà tí òjò ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ tí ọmọ igi náà sì ti ga kọjá orúnkún, a gbé e lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Bọ̀dá gbẹ́ kòtò tó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 2, tí fífẹ̀ rẹ̀ sì tó bẹ́ẹ̀, wọ́n sì jẹ́ kí ó jìnnà sí ògiri ilé ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà 30. Ẹ má fojú kéré jíjìnnà yìí. Igi píà tí a fi kóró gbìn lè ga tó ẹsẹ̀ bàtà 60, igi rẹ̀ kò sì yi. Ìjì òjò lè dá ẹ̀ka rẹ̀ lé òrùlé. Ẹni tí àyè rẹ̀ kò bá tó bẹ́ẹ̀ lè máa gé orí rẹ̀ láti kékeré kí ó lè fẹ̀ dípò kí ó máa ga.

Ohun tó ń pa píà jù lọ ni omi tó dúró. Gbòǹgbò tó fi ń jẹun kì í wọlẹ̀ lọ jìnnà. Òkè ilẹ̀ ló ń rìn káàkiri. Bí omi bá bò ó mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀, àrùn kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Phytophthora a máa wọ̀ ọ́, gbòǹgbò náà a dúdú, a sì jẹrà. Àmì rẹ̀ ni pé ewé tuntun yóò kéré, yóò pọ́n bí ojú ẹni tí ibà pọ́njú ń ṣe, orí ẹ̀ka yóò sì máa gbẹ láti òkè bọ̀ wá sílẹ̀. Ní ọdún kejì tí a gbé igi náà sí ilẹ̀, àwọn ewé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Àǹtí wo ilẹ̀, wọ́n rí i pé àgbàrá ilé ìdáná ti ń ṣàn gba ibẹ̀. Wọ́n fi ọkọ́ la ojú ọ̀nà mìíràn fún omi náà lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn gan-an. Kò tó oṣù mẹ́ta tí ewé náà fi padà sí àwọ̀ rẹ̀.

Nítorí pé gbòǹgbò rẹ̀ kò jìn, Àǹtí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọkọ́ ro ìdí rẹ̀. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń fa koríko ibẹ̀. Wọn a kó ewé gbígbẹ àti háhá àgbàdo bo ilẹ̀ yí i ká, ṣùgbọ́n wọn kì í jẹ́ kí ó kan ara igi, kí èèpo rẹ̀ má baà máa rin, kí kòkòrò má sì rí ibùgbé. Lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò àti ní ìgbà tí òjò bá tún fẹ́ padà lẹ́yìn oṣù Kẹjọ, wọ́n ń fi ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà dáadáa wọ́n ibi tí òjìji ẹ̀ka rẹ̀ parí sí, kì í ṣe ìdí rẹ̀. Ìgbẹ́ adìyẹ tútù gbóná; ó lè jó gbòǹgbò. Ní ẹ̀ẹ̀rùn ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, garawa omi méjì lọ́sẹ̀ ni ẹ̀tọ́ rẹ̀, ọ̀wọ́n omi ì báà wà ládùúgbò.

Ìkìlọ̀ kan tún wà fún ẹni tó ní ẹran ọ̀sìn. Ewé píà, èèpo èso rẹ̀ àti kóró rẹ̀ ní májèlé kan nínú tí kì í ṣe ewúrẹ́, ehoro, ẹṣin àti ẹyẹ lóore. A kò gbọdọ̀ já a fún ewúrẹ́ jẹ, bí koríko tilẹ̀ wọ́n.

Nígbà tí ọdún 2017 fi máa parí, igi náà ti ga ju òrùlé lọ. Àǹtí jẹ́ olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní kí káfíńtà kan gbẹ́ bẹ́ǹṣì gígùn méjì sí abẹ́ igi náà, àwọn ọmọ àdúgbò sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá síbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ láti ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá wọn. Bí oòrùn bá mú tí kò sì sí iná, abẹ́ igi yẹn ni gbogbo ilé máa ń jókòó sí. Kò tíì yọ òdòdó kan rí. Ìgbà yìí ni ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀.

"Akọ ni igi yìí," ni ẹni àkọ́kọ́ wí. "Akọ ni, kò lè so láéláé." Obìnrin kan ní kí a kan ìṣó mọ́ ọn, ó ní ẹ̀rù ni yóò mú un so. Ní ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 2018, bàbá kan ní àdúgbò gbé àdá wá, wọ́n ní bí àwọn ti ń ṣe é nílé àwọn nìyẹn. Wọ́n na àdá sókè, wọ́n bi igi náà pé, "Ṣé o máa so ni, àbí kí n gé ọ?" Ọmọkùnrin wọn tó dúró sẹ́yìn igi dáhùn pé, "Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ẹ má gé mi, màá so lọ́dún tó ń bọ̀." Bàbá náà ṣá èèpo igi náà lẹ́ẹ̀mẹta, gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Àǹtí nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n dìde, wọ́n wọlé lọ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ọdún tuntun, mo bá wọn lẹ́yìnkùlé níbi tí wọ́n ti ń fi omi fọ ojú ọgbẹ́ náà.

Irú ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ sí igi yẹn kò ṣàjèjì létí wọn. Ọdún keje ìgbéyàwó wọn ni, wọn kò tíì bímọ. Kò sí ìsọmọlórúkọ tí wọ́n lọ tí ẹnìkan kò ní fa aṣọ wọn pé ọ̀dọ̀ wọn ni ó kù kí àwọn ti wá jẹun. Kò sí ọdún tuntun tí ẹnìkan kò ní fi dá wọn lójọ́ pé èyí ni wọn yóò bí. Àwọn kan fi àdúrà sọ ọ́, àwọn kan fi ẹ̀rín sọ ọ́, àwọn mìíràn kò tilẹ̀ fi ohunkóhun bò ó. Èdè wa, tí mo fi ọdún mẹ́rin kọ́ ní yunifásítì, kò sì ràn wọ́n lọ́wọ́ níhìn-ín. Ọ̀rọ̀ méjèèjì ti wọra wọn lẹ́nu wa. A ń pe ọmọ ní èso inú. Igi tí kò so, a ní ó yàgàn. Obìnrin tí kò bí, a ní igi aláìléso ni. Ẹni tó bá ń bú igi lẹ́yìnkùlé obìnrin bẹ́ẹ̀, obìnrin náà ń gbọ́ ọ nínú ilé.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí ọ̀rọ̀ akọ yẹn, nítorí ó yẹ kí a tún un ṣe. Òótọ́ ni pé ìbẹ́pẹ ní akọ. Òdòdó akọ ìbẹ́pẹ a máa rọ̀ wálẹ̀ lórí okùn gígùn, kì í sì í so. Ṣùgbọ́n píà kò ní akọ, kò ní abo. Òdòdó rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní méjèèjì nínú, àfi pé méjèèjì kì í jí lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni òdòdó kọ̀ọ̀kan ń là. Nígbà àkọ́kọ́ tí ó bá là, abo rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Yóò wá padé. Nígbà tí ó bá tún là ní ọjọ́ kejì, akọ ni yóò kàn. Oríṣi igi méjì ló sì wà. Èkíní, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní A, abo rẹ̀ ń là ní òwúrọ̀, akọ rẹ̀ ń là ní ọ̀sán ọjọ́ kejì. Èkejì, tí wọ́n ń pè ní B, abo rẹ̀ ń là ní ọ̀sán, akọ rẹ̀ ń là ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Bí oríṣi méjèèjì bá wà nítòsí ara wọn, oyin yóò máa gbé lẹ́búlẹ́bú akọ ti ọ̀kan lọ bá abo ti èkejì. Igi kan ṣoṣo lè so, nítorí àkókò méjèèjì a máa kan ara wọn nígbà mìíràn bí ojú ọjọ́ bá yí padà, ṣùgbọ́n èso rẹ̀ kì í sábà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Kódà lára igi tó ń so dáadáa, nínú ẹgbẹ̀rún òdòdó, ó lè má ju ẹyọ kan lọ tí yóò di èso tí a ó ká. Ìyókù yóò rẹ̀ sílẹ̀. Kì í ṣe àrùn. Bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí píà rẹ̀ kò fi so ní ìbéèrè púpọ̀ láti béèrè. Ọdún mélòó ni? Ṣé omi kì í dúró sí ìdí rẹ̀? Ṣé oòrùn ń kàn án? Ṣé oyin ń dé ibẹ̀, àbí oògùn apakòkòrò ti lé wọn lọ? Píà mìíràn wo ló wà nítòsí? Ìṣó kò dáhùn èyíkéyìí nínú wọn. Àwọn àgbẹ̀ olóko ńlá kan máa ń rẹ́ èèpo ẹ̀ka kan yípo kí ó lè yọ òdòdó, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe ni, ẹ̀ka kan ni wọ́n ń ṣe é sí, kì í ṣe gbogbo igi. Ẹni tó kàn gbé àdá ṣá igi kiri ń ṣílẹ̀kùn fún àrùn ni.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2020, igi náà yọ òdòdó fún ìgbà àkọ́kọ́. Gbogbo rẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ nínú ọyẹ́. Ọdún tó tẹ̀ lé e, bákan náà ni.

Ní ọdún 2021 yìí ni ìyá Bọ̀dá wá kí wa láti Ọ̀yọ́. Ní ọjọ́ kẹta tí wọ́n dé, wọ́n pe gbogbo wa sí pálọ̀. Wọ́n ní àyè tí igi náà gbà tó láti kọ́ ṣọ́ọ̀bù méjì, kí owó máa ti ibẹ̀ wọlé. Wọ́n ní igi tó ti lo ọdún mẹ́fà lórí ilẹ̀ ẹni tí kò so, ó yẹ kí ó fi àyè sílẹ̀ fún nǹkan mìíràn. Bí wọ́n ti ń sọ ọ̀rọ̀ náà, ojú fèrèsé kọ́ ni wọ́n ń wò. Àǹtí ni wọ́n ń wò. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú pálọ̀ náà tí kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti kúrò lórí igi. Àǹtí àti Bọ̀dá ti jọ lọ sí ilé ìwòsàn, dókítà sì ti yẹ àwọn méjèèjì wò. Ohun tí wọ́n bá bọ̀, tiwọn ni. Bọ̀dá kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n jẹ́ kí ìyá wọn sọ tiwọn tán, wọ́n wá ní, "Màmá, ẹ ṣé. Igi yẹn kò ní kúrò níbẹ̀. Ìyàwó mi náà kò ní kúrò níbí." Wọ́n dìde, wọ́n sì bá Àǹtí kó àwo oúnjẹ lọ sí ilé ìdáná.

Ìtàn kan wà tí mo sọ fún Àǹtí lálẹ́ ọjọ́ yẹn, nípa igi píà kan tí ó kù díẹ̀ kí wọ́n gé. Ní ọdún 1926, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Rudolph Hass, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ pípín lẹ́tà, gbin kóró píà sí oko kékeré rẹ̀ ní La Habra Heights, ní ìpínlẹ̀ Kalifóníà ní Amẹ́ríkà. Èrò rẹ̀ ni láti so ẹ̀ka Fuerte, irú píà tó lókìkí nígbà náà, mọ́ àwọn ọmọ igi tó bá hù. Ọ̀kan nínú wọn kọ̀. Ẹ̀ka tí wọ́n so mọ́ ọn kò mú. Hass fẹ́ gé e dànù. Caulkins, ẹni tó ń bá a ṣe iṣẹ́ ìsopọ̀ náà, ló gbà á níyànjú pé kí ó fi í sílẹ̀, nítorí igi náà lágbára. Nígbà tó so, awọ èso rẹ̀ rí ṣákiṣàki, ó sì ń dúdú bí ó bá pọ́n, àwọn ọmọ Hass sì fẹ́ràn rẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ní ọdún 1935, Hass gba ìwé ẹ̀tọ́ lọ́wọ́ ìjọba lórí irú píà náà. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú píà tí wọ́n ń tà káàkiri àgbáyé lónìí, láti ara ẹ̀ka igi kan ṣoṣo yẹn ni wọ́n ti tàn ká. Ọdún 2002 ni igi náà fúnra rẹ̀ tó kú. Jíjẹrà gbòǹgbò ló pa á.

Mo rò pé ìtàn náà yóò tù wọ́n nínú. Àǹtí gbọ́ ọ tán, wọ́n ní, "Bí èso rẹ̀ bá korò ńkọ́? Ṣé wọn ì bá gé e nìyẹn?" N kò rí èsì fún wọn. Wọ́n ní kí n lọ gbé àwọn bẹ́ǹṣì wọlé, òjò ń bọ̀.

Ní ọdún 2022, ọmọ igi píà kan tó wà lẹ́yìn ògiri aládùúgbò wa bẹ̀rẹ̀ sí í yọ òdòdó. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2023, igi méjèèjì jọ yọ òdòdó lẹ́ẹ̀kan náà, tiwa rí bí ẹni pé wọ́n da ìyẹ̀fun àgbàdo lé e lórí. Oyin pọ̀ débi pé àwọn ọmọ kò lè jókòó lábẹ́ rẹ̀ ní ọ̀sán. Nígbà tí oṣù Kẹta yóò fi parí, àwọn èso kéékèèké bí ẹ̀wà ti wà lára ẹ̀ka. Ọ̀pọ̀ nínú wọn rẹ̀ sílẹ̀. Mọ́kànlá ló dàgbà. Ọdún kẹsàn-án tí Àǹtí fi kóró náà sínú náílọ́ọ̀nù nìyẹn. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, a ká ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún.

Àwọn ènìyàn wá bẹ̀rẹ̀ sí í kí Àǹtí kú oríire. "Igi ti ṣí ọ̀nà," ni wọ́n ń wí. "Ó kàn yín." Mo mọ̀ pé wọn kò ní ibi lọ́kàn. Àǹtí ṣe àmín, wọ́n sì bu píà fún wọn lọ. Nígbà tí gbogbo wọn lọ tán, wọ́n jókòó sí bẹ́ǹṣì, wọ́n ní, "Nígbà tí kò so, èmi ni. Nísinsìnyí tó so, èmi náà ni. Ìgbà wo ni wọn yóò jẹ́ kí igi jẹ́ igi, kí èmi náà jẹ́ ara mi?"

Mo gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn kí n tó kọ nǹkan wọ̀nyí. Wọ́n ní kí n kọ ọ́, ṣùgbọ́n kí n má fi ìbejì parí rẹ̀, nítorí wọn kò bí ìbejì. Ọdún kẹrìnlá ìgbéyàwó wọn rèé. Ilé wọn kún fún ọmọ ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, èmi náà sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n tọ́. Bí ọjọ́ kan bá sì dé tí wọ́n bí, kì í ṣe nítorí pé igi so.

Fún ẹni tó bá fẹ́ gbin tirẹ̀, ọ̀rọ̀ díẹ̀ ló kù. Kóró kì í sábà bí èso tó jọ ìyá rẹ̀ gan-an. Píà dídùn lè bí èyí tí kò dùn tó o. Ẹni tí kò bá fẹ́ dúró pẹ́, kí ó wá igi àsopọ̀, ìyẹn ọmọ igi tí wọ́n ti so ẹ̀ka igi tó ń so mọ́ ìdí rẹ̀. Irú rẹ̀ lè so láàárín ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin. Ní Ìbàdàn, ilé-iṣẹ́ ìwádìí ọ̀gbìn èso àti ẹ̀fọ́ tí à ń pè ní NIHORT, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 1975, wà ní Ìdí-Ìṣin. Ènìyàn lè béèrè níbẹ̀. Bí àyè bá gba igi méjì, kí ó béèrè oríṣi A kan àti oríṣi B kan.

Nígbà ìkórè, ẹ má dúró kí píà rọ̀ lórí igi, kì í rọ̀ níbẹ̀. Ìgbà tí a bá ká a tán ni ó ń bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Bí awọ rẹ̀ kò bá dán mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, ẹ ká ẹyọ kan ṣoṣo wò. Bí ó bá rọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá tí awọ rẹ̀ kò sì hunjọ, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti gbó. Bí ó bá hunjọ, ẹ fún wọn ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sí i. Gọ̀ǹgọ̀ tó ní àpò lẹ́nu ni kí ẹ fi ká a, kí ó má baà já lulẹ̀ kí inú rẹ̀ sì dúdú, kí ẹ sì jẹ́ kí ìdí kékeré tó fi so mọ́ igi wà lára rẹ̀. Ẹ fi sínú àpò ìrẹsì tàbí kí ẹ wé e mọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n nínú ìwé ìròyìn bí ẹ bá fẹ́ kí ó tètè rọ̀.

Àǹtí kì í da kóró nù. Wọ́n ń gbìn wọ́n sínú náílọ́ọ̀nù, wọ́n sì tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná. Ẹnikẹ́ni tó bá béèrè, wọ́n á fún un ní ọ̀kan lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n á sọ fún un pé kí ó má jẹ́ kí omi dúró sí ìdí rẹ̀, kí ó má fi ọkọ́ ro ó, kí ó sì má bú u.